Oyè Kejì Nítorí Ọmọ Ọdún Mẹ́ta

Bí obìnrin kan bá sọ ní Ìwó pé òun ń lọ sí Ìbàdàn lọ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ kíkọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. "A-B-D yìí náà lẹ fẹ́ gba másítà lé lórí?" Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yìí, tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, á fa ọmọ tirẹ̀ lé ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán lọ́wọ́, á ní kó bá òun mójú tó o di aago méjì ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí kò tíì ṣe fírídọ̀mù.

Oyè náà wà lóòótọ́. Ó ní ìwé tó ń béèrè, ó ní ọdún tó ń gbà, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ gùn ún ni kò mọ ibi tí àtẹ̀gùn náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti náwó sórí ìwé tí kò lè gbé wọn débẹ̀. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí i lórí àtẹ̀gùn yìí ló ń jìnnà sí ọmọ tó tìtorí rẹ̀ gùn ún.

Iṣẹ́ kíkọ́ àwọn tó ń kọ́ni kì í ṣe àjòjì ní Ìwó. Ní 1938 ni ìjọ Onítẹ̀bọmi gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi ń kọ́ tíṣà kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbẹ̀, Baptist College yìí sì ni ọ̀pọ̀ tíṣà tó kọ́ àwọn bàbá wa níwèé ti jáde. Nígbà tí ìjọ náà dá Yunifásítì Bowen sílẹ̀, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ ní 2001, tí wọ́n sì ṣí i ní 2002, orí ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn náà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Dókítà àti lọ́yà ló kù tó ń jáde níbi tí tíṣà ti ń jáde. Ó di 2020, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni tuntun mẹ́fà, ọ̀kan ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kí ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tó bọ́ sí Ọ̀ṣun lọ́wọ́, tí wọ́n sì gbé e fún Ìwó. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe padà sílé.

Ká má sì gbàgbé àwọn ààfáà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan ní Ìwó ni àwọn ọmọ kékeré ti ń jókòó yí ààfáà ká nílé kéwú, wàláà lórí itan, tí wọ́n ń ka lẹ́tà tẹ̀lé ohùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ààfáà léèrè ìwé-ẹ̀rí. Ìmọ̀ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ làwọn òbí wò. Mo rò pé ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú ẹ̀rín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wá: lójú wa, ẹni tó bá ti mọ lẹ́tà lè kọ́ ọmọ ní lẹ́tà, ohun tó kù kò ju sùúrù àti pàṣán lọ.

Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 1977, nígbà tí Ìlànà Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ jáde, ìjọba gbà pé ó yẹ kí ọmọ kọ́ nǹkan kó tó dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí jẹ́léósinmi fi di ohun tí à ń sanwó fún, tí ẹni tó bá ní yàrá méjì tó ṣófo sì lè gbé pátákó síta. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBE, ti 2004 ló mú ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé wọ inú ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe, ẹ̀dà ìlànà náà ti 2013 sì wá sọ ọdún kan tó ṣáájú kíláàsì kìn-ín-ní di ara ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà kan náà ló ní ọmọ mẹ́wàá ni kí ẹnì kan máa tọ́jú ní kíréèṣì, kí ti jẹ́léósinmi má sì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ fún tíṣà kan. Ẹ yọjú sí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré nílé-ìwé tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ ka orí.

Ta wá ni tíṣà lójú òfin? NCE, ìwé-ẹ̀rí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni ń fúnni, ni ìwé tó kéré jù tí èèyàn lè mú wọ kíláàsì. Gréèdì Tuu tí àwọn òbí wa mọ̀ ti kógbá sílé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1993 ló dá TRCN sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà àti lọ́yà ṣe ní tiwọn, ọ̀nà mẹ́rin ló sì pín wa sí. Ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ wà ní A, olóyè kejì wà ní B, olóyè àkọ́kọ́ ní C, oní-NCE ní D. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ fi ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2019 ṣe gbèdéke pé tíṣà tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́. Gbèdéke ọ̀hún kọjá lọ. Àwọn àǹtí tí kò forúkọ sílẹ̀ ṣì ń bẹ níbi tí wọ́n wà, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro rí: ẹni tó ni ilé-ìwé kò lè san owó oní-NCE láti inú owó ilé-ìwé tí àwọn òbí ń dúnàá dúrà lé lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹ̀ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé tí wọ́n ń pè ní ECCE ni kó wọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni. Ọdún mẹ́ta ni. Àwọn ẹ̀ka mìíràn máa ń so iṣẹ́ méjì pọ̀, ẹlòmíì á mú Yorùbá mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. ECCE kì í so pọ̀ mọ́ nǹkan kan, òun nìkan ló gba gbogbo àyè. Wọ́n á kọ́ ọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà láti ìgbà tó ń rákòrò títí di ìgbà tó ń di pẹ́ńsùlù mú, wọ́n á kọ́ ọ ní oúnjẹ àti ìmọ́tótó, orin àti eré, àti iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n á kọ́ ọ láti fura sí ọmọ tí gbogbo ilé ń pè ní olóríkunkun, nígbà tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn dáadáa.

Síbẹ̀, tí pí, ìdánrawò iṣẹ́ kíkọ́ni, ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Sáà kan ni akẹ́kọ̀ọ́ NCE fi ń kọ́ni nílé-ìwé gidi, tí àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì á máa wá wò ó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-ìwé kan lẹ́bàá Odò-Orí ni wọ́n rán ọmọbìnrin kan lọ, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ní ònkà. Ó ti ṣa ìdérí ìgò jọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta mínírà, ó ti fọ̀ wọ́n, ó sì ti fi òkúta tẹ etí wọn kó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Ó gé páálí Indomie, ó kun ún ní ọ̀dà, ó ya òbìrìkìtì márùn-ún sí i. Nínú lesson note rẹ̀, ó kọ ọ́ pé bí ẹ̀kọ́ bá parí, àwọn ọmọ á lè ka nǹkan márùn-ún láìṣìṣe. Alábòójútó wọlé, ó lọ jókòó lẹ́yìn lórí àga àwọn ọmọdé, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Ọmọ kan dìde, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, geere bí ẹni kọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu rẹ̀ dé àrún, ìdérí mẹ́ta péré ni ọwọ́ rẹ̀ tíì kàn. Àǹtí tí kò kọ́ṣẹ́ á ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á rí i pé ẹnu ló ka márùn-ún, ojú àti ọwọ́ kò kà á, pé ọmọ yìí kò tíì mọ̀ pé iye kan ni ti ìdérí kan. Kò ní bá a wí. Á jókòó tì í, á jẹ́ kó gbé ìdérí kan sínú òbìrìkìtì kan kó tó dárúkọ iye rẹ̀, kó tó tún mú òmíràn. Ibi tó ń ṣe èyí lọ́wọ́, ọmọ kejì ti tọ̀ sára, ẹ̀kẹta ti ki ìdérí bọ ẹnu. Bó bá ṣe yanjú ti ẹnu yẹn, tí kò pariwo, tí kíláàsì kò sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ni alábòójútó ń kọ sílẹ̀ níwájú àkọlé ìṣàkóso kíláàsì. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé tí pí kò ju ọ̀ràn ká wọṣọ tó dáa ká sì ra mínírà fún alábòójútó lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ á ti pàdánù ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè fi irú ìyàtọ̀ yìí hàn án.

NCE kì í ṣe oyè. Láti ibẹ̀, ọ̀nà yà. Ẹni tí èsì rẹ̀ dára lè gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́wọ́ JAMB, kó wọ ọdún kejì ní yunifásítì tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọdé, kó sì fi ọdún mẹ́ta parí oyè àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́, tó ní ọkọ àti ọmọ, tí kò lè kó lọ sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, yunifásítì àkàjìnnà, NOUN, ni mo máa ń tọ́ka sí fún un. Wọ́n ní oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé, wọn kì í béèrè ìdánwò JAMB kí wọ́n tó gbani, ibùdó wọn sì wà ní Òṣogbo. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ní Kàdúná, NTI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ló ti gbé ọ̀pọ̀ tíṣà àtijọ́ dé NCE láì jẹ́ kí wọ́n fi kíláàsì wọn sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ tíṣà rárá, tí wọ́n ti gba oyè nínú nǹkan mìíràn. Wọ́n pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó ka ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò, tó wáṣẹ́ títí tí kò rí, tó wá bẹ̀rẹ̀ jẹ́léósinmi nínú ilé bàbá rẹ̀ ní Ìwó. Ẹni tó ní HND nínú ìṣirò owó, tí iṣẹ́ ọmọdé wá bá lára mu. PGDE, dípúlómà nínú ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ti kàwé jáde, ni ti irú àwọn wọ̀nyí. Ọdún kan ni fún ẹni tó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é. Wọ́n á fi kọ́ ọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀kọ́, bí ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ àti bí a ṣe ń dán an wò, tí pí á wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí kékeré náà á wà níbẹ̀. TRCN gba PGDE bí ẹ̀rí pé èèyàn ti di tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: PGDE fún gbogbo tíṣà lápapọ̀ ni. Èèyàn lè parí rẹ̀ láì fọwọ́ kan ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ilé-ìwé girama ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe tí pí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọdé lòun ń bọ̀ wá kọ́, kó fúnra rẹ̀ béèrè kí wọ́n rán òun lọ sí kíláàsì ọmọdé, kó sì kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ọmọdé. Ìyẹn ni wọn yóò wò nígbà tó bá ń wá oyè kejì.

Ó wá ku oyè kejì fúnra rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìwó, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó dá dúró fún ẹ̀kọ́ ọmọdé àti ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́, tí ipò rẹ̀ sì jẹ́ second class, lè béèrè tààrà. Ẹni tó bá ti ìta wá gbọ́dọ̀ ti ní PGDE tó dára. Kírẹ́díìtì márùn-ún ti WAEC tàbí NECO, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, ṣì ń tẹ̀ lé èèyàn débẹ̀, kódà bó ti pé ogún ọdún tó ti ṣe ìdánwò yẹn. Wọ́n á béèrè ìwé àgùnbánirọ̀ NYSC tàbí ìwé tó fi hàn pé ọjọ́ orí kò jẹ́ kó lọ, nítorí ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde kì í sìnlú mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ọ̀pọ̀ tíṣà tó fi iṣẹ́ ka ìwé. Wọ́n á béèrè àwọn tó lè jẹ́rìí sí i. Wọ́n á ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ti jáde fi transcript ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Ẹlòmíràn ti gba ìwé ìwọlé, sáà kan ti kọjá, transcript kò tíì kúrò nínú fáìlì níbi tó ti kàwé. Ẹni tó bá ń ronú oyè kejì lọ́dún tó ń bọ̀, kó ti bẹ̀rẹ̀ transcript lọ́dún yìí.

Nǹkan kan tún wà tí ń dà wá láàmú ní Ìwó ju ibòmíràn lọ. Orúkọ mùsùlùmí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí a ti ń kọ wọ́n kò sì dọ́gba. Rafiat ló wà lórí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, WAEC kọ Rofiat, NCE kọ Rofiyat, ìgbéyàwó wá yí orúkọ bàbá padà sí ti ọkọ. Lójú wa, ẹnì kan náà ni. Lójú ọ́fíìsì, ẹni mẹ́rin ni. Àfidáfíìtì kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ló ń tún un ṣe, ó sì sàn kí èèyàn ṣe é kó tó béèrè ju kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i níbi àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí.

Bí wọ́n bá ti gbà á wọlé, iṣẹ́ kíláàsì wà, ìdánwò wà, ìwé ìwádìí gígùn sì wà tí yóò gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò, tí ọ̀kan nínú wọn á wá láti yunifásítì mìíràn. Ní Ìbàdàn, ẹni tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ bá dé 60 nínú ọgọ́rùn-ún lè máa bá a lọ sí oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kà níbẹ̀ kò jọ ti NCE mọ́. Ní NCE, wọ́n á ní kí o ṣe báyìí. Níbí, wọ́n á bi ọ́ léèrè ta ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, kí ló fi mọ̀. Ó ṣòro kí ẹnì kan gba oyè yìí kó má gbọ́ nípa Ypsilanti, ìlú kan ní Michigan lÁmẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1962 lórí ọmọ 123 tí òbí wọn kò rí já jẹ. Wọ́n mú 58 lọ sí jẹ́léósinmi lọ́dọ̀ tíṣà tó gbọ́ṣẹ́, 65 kò lọ. Wọ́n tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ẹni ogójì ọdún. Àwọn tó lọ ń gba owó tó pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́, ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó àwọn yòókù.

Ìwé ìwádìí ni mo rò pé ó le jù, kì í ṣe nítorí gígùn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ girama lè pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n fi àmì sí i. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè fi àmì sí nǹkan kan. Bí o bá bi í pé "Ṣé o fẹ́ràn ilé-ìwé?", á ní bẹ́ẹ̀ ni, bí o bá bi í pé "Ṣé o ò fẹ́ràn ẹ̀?", á tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó kù ni kí olùwádìí jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé àti aago, kó máa kọ ohun tí ọmọ ṣe sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú: ó gbé bọ́ọ̀lù, ó wo àǹtí, àǹtí kò wò ó, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ òbí, nítorí ọmọ kò lè fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó bá ti wo ọmọ báyìí fún odindi oṣù kan kò tún ní pe kíláàsì jẹ́léósinmi ní ibi ìtọ́jú ọmọ lásán.

Ohun kan sì wà tí n kò rí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè láti NCE dé oyè kejì: kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá tíṣà lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, tàbí bóyá ó mọ àlọ́ mẹ́wàá. Ọ̀ranyàn ni kírẹ́díìtì èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ti Yorùbá kò sí níbẹ̀ àfi fún ẹni tó fẹ́ kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ títí di 2025, èdè ilé ni ìlànà ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Àwọn tó dán an wò kò jìnnà sí Ìwó. Ní 1970, lábẹ́ ìdarí Babátúndé Fáfúnwá, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, wọ́n tiẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè pé kí ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti èdè abínibí. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n ti fagi lé e. Ìlànà lè máa yí bó bá ṣe wù ú. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá wọlé wá láti Ìsàlẹ̀-Ọba kò tíì gbọ́ èdè mìíràn, bó bá ń sunkún, Yorùbá ni yóò fi sunkún.

Mo ní mo ní ẹjọ́ kan. Ẹ wo ibi tí àwọn olóyè kejì wọ̀nyí ń lọ. Ẹni tó bá mú NCE wọ iṣẹ́ ìjọba, ìpele 07 ni wọ́n gbé e sí. Olóyè àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ ní 08. Kò sí ohun tó so ìpele yìí mọ́ kíláàsì tí èèyàn ń kọ́, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹni tó ní másítà fi máa fi ọdún rẹ̀ nu imú ọmọ bí ó bá rí ibi mìíràn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì á gbà á kó máa kọ́ àwọn oní-NCE. Àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ á gbà á sí ọ́fíìsì. Bí ó bá padà sí ilé-ìwé, ọ̀gá àgbà ni wọ́n á fi í ṣe, á ní tábìlì àti kọ́kọ́rọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán ni yóò ṣì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. N kò dá olóyè lẹ́bi. Ìlú tó ń sanwó fún jíjìnnà sí ọmọ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2013 ni wọ́n ti dá oyè tíṣà ọmọdé tí wọ́n ń pè ní EYTS sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbani síbẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: oyè àkọ́kọ́ nílé ìwé gíga, GCSE nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, ẹni tó bá parí rẹ̀ kò ní QTS, ìwé tó ń sọ èèyàn di tíṣà pípé nílé-ìwé ìjọba. Ní oṣù Kejì 2023, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn QTS fún àwọn tíṣà láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án kan, Nàìjíríà wà lára wọn, ariwo sì sọ láti Èkó dé Ìwó. Àwọn tó ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè fún ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n ṣí i fún. Mo mọ àwọn tíṣà ọmọdé tó ti sanwó gba ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ TRCN kí wọ́n tó ka ìlà yẹn.

Ká ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìwó lónìí á lo ọdún mẹ́ta fún NCE, ọdún mẹ́ta fún oyè àkọ́kọ́, ọdún kan fún ìsìnlú, ó kéré tán ọdún kan àbọ̀ fún oyè kejì. Bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá sí i, á tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó parí. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ti gbé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tíṣà lọ sí ọdún márùndínláàádọ́rin, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Nǹkan bí ọdún méjìdínlógójì nìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá lè sọ pé ẹni tó ní oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé á máa gba owó ìpele tó ń gbà lọ́fíìsì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà, tí àwọn oní-NCE á sì máa wá ṣe tí pí lábẹ́ rẹ̀, mo mọ àwọn kan tí kò ní kúrò níbẹ̀.